Apá Kejì Ọkùnrin Oko Ọ̀pẹ

Èmi ni mo kọ́kọ́ kú nínú fíìmù náà. Lábẹ́ ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ìlú Pobẹ̀ ni wọ́n ti pa mí, lọ́sàn-án gangan, nítorí pé imọ̀ ọ̀pẹ ti bo ojú ọ̀run níbẹ̀, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn tó fún ohun tí a fẹ́ ṣe. Páálí ni àdá tí wọ́n fi ṣá mi. Ìṣápá pupa tí a sè pọ̀ mọ́ ṣúgà títí ó fi ki ni ẹ̀jẹ̀ mi. Kí wọ́n tó yà mí tán, èèrà ti gbọ́ òórùn ṣúgà, wọ́n ń gùn mí lọ́rùn. Òkú sì ni mí, n kò gbọdọ̀ mira. Mo fara dà á. Nígbà tí wọ́n fi máa ní kí n dìde, èèrà ti wọ̀ mí létí.

Aránṣọ ni mí, n kì í ṣe òṣèré. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá ọ̀nà Onígbólò, níbi tí ọkọ̀ ńlá tó ń ru òkúta àti símá ń gbà kọjá látàárọ̀ dalẹ́. Símá ni àwa ń pe ohun tí àwọn ará Nàìjíríà lódì kejì ẹnubodè ń pè ní sìmẹ́ǹtì. Bí mo bá yọ aṣọ oníbàárà, àfi kí n kọ́kọ́ gbọn eruku rẹ̀ dànù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ya fídíò ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ káàkiri Pobẹ̀ àti Sakété kó ṣòkòtò wá fún mi kí n bá a gé e kúrú. Bí mo ti ń gbọn ọ̀kan nínú wọn, eku já sílẹ̀ láti inú rẹ̀. Igbe tí mo ké, àwọn tó wà ní òdì kejì títì sáré wá. Ọkùnrin náà kò wo eku, ojú mi ló ń wò.

Ó ní, "Táńtì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tún un ké bẹ́ẹ̀?"

Bí mo ṣe dé inú fíìmù nìyẹn. Pátírọ̀n ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin yìí, bí àwọn ọmọṣẹ́ níbí ṣe ń pe ọ̀gá wọn. Sakété ló ti dàgbà, nítòsí ṣọ́ọ̀bù Alájì kan tó ń ta àwo fíìmù tó ń kó wá láti Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ Alájì yìí ló ti rí àwọn fíìmù òyìnbó tí apaniyan kan máa ń fi nǹkan bojú, tí yóò máa lé àwọn ọ̀dọ́ kiri, tí yóò máa pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ràn wọn bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó sọ fún mi pé apaniyan inú wọn kì í kú. Bí wọ́n dáná sun ún ní apá kìn-ín-ní, ẹ ó tún bá a ní apá kejì, bàtà rẹ̀ kò tilẹ̀ ní jóná. Láti apá kẹta lọ, ó ní àwọn tó ń ṣe fíìmù náà fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa á wí pé, "Bí mo bá wọ inú ilé yìí, mo mọ̀ pé mo ti kú," yóò sì wọlé. Inú Pátírọ̀n máa ń dùn bó bá dé ibẹ̀.

Èmi kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ran aṣọ fún gbogbo wọn, mo sì kú bí wọ́n ṣe ní kí n kú.

Ẹni tó ṣe apaniyan wa, awakọ̀ ni. Òkúta ló ń fi ọkọ̀ ńlá rù. Fòfó là ń pè é, bí àwọn tó ń sọ Gùn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n wọn ọkùnrin, nítorí òun ló dàgbà jù láàárín wa. Ó ga, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń tiro díẹ̀. Àpò símá la dé e lórí, a gé ihò méjì sí i fún ojú. Èmi ni mo fi aṣọ tẹ́ inú àpò náà kó má baà ya. Nígbà tó bá ti fi àdá páálí ṣá mi tán, tí Pátírọ̀n sì ti kígbe "Kúpé!", ìyẹn ni pé kí a dúró, Fòfó á tẹ̀ wálẹ̀ tòun ti àpò lórí.

"Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ṣé kò dùn ọ́?"

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ kan ló fẹ́ ẹ, abúlé kan ní Ìta-Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbé, gàrí ló ń dín tà. Lọ́jọ́ tí a ń ya ikú mi, òun ló gbé oúnjẹ wá fún wa. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú àpò símá, ńṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ọ̀pẹ, tó di ikùn mú, tó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin kékeré ni, ẹ̀rín rẹ̀ ló tóbi.

Sakété la ti kọ́kọ́ gbé fíìmù náà hàn, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé. Èrò kún. Nígbà tí wọ́n rí mi tí mo ń sá lọ láàárín ọ̀pẹ, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Àpò símá yọ lẹ́yìn igi, obìnrin kan sì gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ibẹ̀ ni àbúrò Fòfó ti dìde láàárín èrò, tó kígbe pé:

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Ẹ má bẹ̀rù wọn o, wọn ò lè pa adìẹ!"

Gbogbo gbọ̀ngàn tú sí ẹ̀rín. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rù kò bà wọ́n mọ́. Bí Fòfó bá ti yọ, wọn á kí i. "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Bó bá gbé àdá sókè, wọn á ní kó ṣe é jẹ́jẹ́. Èmi tí wọ́n pa, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Pátírọ̀n dúró lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, ojú rẹ̀ le bí òkúta. Mo rò pé yóò bá obìnrin náà jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò tú tán, ó lọ bá a níbi tó ti ń dúró de ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ti ba fíìmù mi jẹ́."

Obìnrin náà fẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Pátírọ̀n, ẹnu mi ló yá."

"Rárá. Ẹ ti fún mi ní apá kejì."

Ọ̀nà tó gbà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nìyí. Ní apá kìn-ín-ní, ẹ̀rù ṣì jẹ́ tuntun. Ní apá kejì, kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó wà nínú àpò. Bí ìwọ fúnra rẹ kò bá kọ́kọ́ fi ara rẹ rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, nínú apá kejì, àwọn tí apaniyan ń lé yóò mọ̀ pé inú fíìmù ni àwọn wà. Wọn á kí i kú iṣẹ́. Òun náà, nítorí pé ilé ire ló ti wá, á sọ àdá kalẹ̀ kó tó dáhùn. Eruku símá á kó sí i nímú, á máa sín níbi tó bá sá pamọ́ sí. Obìnrin kan á sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú adìẹ lọ́wọ́, á ní, "Ẹ pa á kí n rí i." Apaniyan kò ní lè pa á.

Pátírọ̀n fẹ́ kí àbúrò Fòfó fúnra rẹ̀ ṣe obìnrin aládìẹ. Inú obìnrin náà dùn. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n wọn òun fún aṣọ. Oòrùn ọjọ́ yẹn ń jó ni, síbẹ̀ ó ní apá gígùn lòun fẹ́. Bí mo ti na okùn ìwọ̀n sí apá rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn. Mo rí àpá ìka ọwọ́ níbẹ̀. Mo bi í léèrè, ó ní igi ìdáná ló gbá òun.

Mo ní, "Igi ìdáná kì í di èèyàn lápá mú."

Ó fa apá aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọkọ òun kò fẹ́ kí òun ṣe fíìmù. Ọkọ náà gbọ́ pé ó dìde ní gbọ̀ngàn, ó rẹ́rìn-ín níwájú ọkùnrin, gbogbo Sakété sì ń sọ ọ́. Mo sọ fún un pé kó wá sùn lọ́dọ̀ mi, kó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ṣófo. Ó ní bí àgbàdo bá wọlé tán, ara ọkọ òun á balẹ̀. Mo sọ fún Fòfó. Fòfó lọ sí Ìta-Ìjẹ̀bú, ó bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà ilé, ọkùnrin náà sì bẹ̀bẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Fòfó padà dé, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ ya ti adìẹ, obìnrin náà kò wá. A dúró títí. Pátírọ̀n fi ọmọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀, nítorí a kò lè dúró mọ́. Fòfó dúró sáàárín ọ̀pẹ pẹ̀lú àpò lórí. Ọmọbìnrin náà na adìẹ sí i. Adìẹ ń janpata, Fòfó ń sín, gbogbo wa ń tẹ ẹ̀rín rì kí ohùn wa má baà wọ inú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni sẹ́mijàn kan ti já wọ inú oko. Sẹ́mijàn ni àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò níbí. Ọkùnrin náà ju alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀, ó ń kígbe.

"Fòfó! Fòfó dà? Wọ́n ti pa àbúrò yín o! Ọkọ rẹ̀ ti fi àdá ṣá a pa!"

A rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Gbogbo ọ̀sán yẹn, àwọn òṣèré ti ń já wọlé láti ẹ̀yìn igi pẹ̀lú irú igbe bẹ́ẹ̀, a rò pé Pátírọ̀n ló tún fi èyí kún un. Ọmọbìnrin aládìẹ pàtẹ́wọ́. Fòfó fúnra rẹ̀ yíjú padà nínú àpò, ó gbọ́wọ́ sókè, ó ní, "Èmi kọ́ o, mo wà níbí látàárọ̀." A tún rẹ́rìn-ín.

Sẹ́mijàn náà wò wá. Ó wo àdá páálí, ó wo ìṣápá tó dà sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì lérí, ó bú sẹ́kún. Pátírọ̀n ló kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ rẹ̀.

Fòfó rìn lọ síbi alùpùpù tó wà nílẹ̀, ó gbé e dúró, ó gùn ún tòun ti àpò símá lórí. Èmi ni mo sáré bá a tí mo bọ́ ọ kúrò. Ojú tí mo bá lábẹ́ rẹ̀, n kò lè sọ bó ṣe rí.

Wọ́n sin àbúrò rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, bí ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí wọ́n ń ṣe ti pa á láṣẹ. Inú oko rẹ̀ ni wọ́n ti mú ọkọ náà. Wọ́n ní ó ti fọ àdá náà mọ́, ó ń fi í gé koríko. Kò sá, kò sì sọ ju pé ẹ̀rín obìnrin náà ti pọ̀ jù. Ọmọ wọn wà ní ilé ìwé nígbà tó ṣẹlẹ̀. Fòfó ló lọ mú un.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ di ti fíìmù. Ní Sakété, wọ́n ní àwa la fi ikú ṣeré títí ikú fi gbọ́. Ní Pobẹ̀, àwọn ọmọdé tó ti máa ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ Fòfó tí wọ́n ń kí i kú iṣẹ́, àwọn ìyá wọn ń fà wọ́n sẹ́yìn. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Fòfó rọra dín ìsáré ọkọ̀ kù bó ṣe máa ń ṣe, ó gbọ́wọ́ sókè. Títì dá páropáro. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá.

Pátírọ̀n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ó sọ fún mi pé òun fẹ́ pa gbogbo ohun tí a ti yà rẹ́, ṣùgbọ́n igbe sẹ́mijàn náà wà níbẹ̀, ẹ̀rín wa sì wà níbẹ̀. Òun kò lè wò ó, òun kò sì lè pa á rẹ́.

Ọyẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà tí Fòfó wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Pátírọ̀n wà níbẹ̀. Fòfó jókòó sórí àpótí, ó ti rù, aṣọ rẹ̀ ń gbọ̀n lára rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀."

Pátírọ̀n ní, "Fòfó, ẹ jọ̀wọ́."

"Òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lẹ ti gbọ́ ọ. Ṣé bó ṣe máa lọ náà nìyẹn, bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan rí?"

"A ó yọ ẹ̀rín inú rẹ̀ kúrò nìyẹn."

Fòfó mi orí. "Ẹ má yọ ọ́. Èmi ni kẹ́ ẹ máa fi rẹ́rìn-ín, èmi àti àpò yẹn. Kí n sín, kí n máa dáhùn kíkí, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá kú níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kú. Ẹ má fi òkú pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

Pátírọ̀n wá sọ ohun kan tí mo mọ̀ pé ó ti ń rò tipẹ́. Ó ní nínú gbogbo fíìmù òyìnbó yẹn tí òun ti wò, bí iye apá rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, òkú ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Wọ́n á wá oríṣiríṣi ọ̀nà láti pa èèyàn kí àwọn tó ń wò lè pariwo. Ó ní òun kò rántí ìgbà kan tí ìyá ẹnikẹ́ni wá béèrè ọmọ rẹ̀.

Fòfó ní, "Nínú tiwa, a ó sin òkú."

Ohun tí a ṣe nìyẹn. Mo ti kú ní apá kìn-ín-ní. Ní apá kejì, ìyá mi wá mi kiri. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà ló ṣe ìyá mi. Ó ń lọ láti ọ̀pẹ dé ọ̀pẹ, ó ń pè mí. Èmi ni mo ran aṣọ funfun tí wọ́n fi wé mi, mo sì wà nínú rẹ̀, mo gbọ́ tó ń sunkún lórí mi. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní ẹkún yẹn. Nígbà tí Pátírọ̀n kígbe "Kúpé!", obìnrin náà kò dáwọ́ dúró.

Ti adìẹ ló le jù. Ọmọbìnrin tó ń ta búrẹ́dì tún un ṣe, ó sọ ọ̀rọ̀ tí àbúrò Fòfó sọ ní gbọ̀ngàn bó ṣe yẹ: "Ẹ má bẹ̀rù wọn o, wọn ò lè pa adìẹ!" Fòfó sín níbi tó yẹ kó sín. A ti yà á tán, ó ṣì dúró síbẹ̀, kò bọ́ àpò. A kò sún mọ́ ọn. Bó ṣe wá gbé e fún mi, ìwé àpò náà ti rin lábẹ́ ihò ojú méjèèjì, ó ti ń ya.

Pobẹ̀ nìkan la ti gbé e hàn, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, nínú kíláàsì tí mo fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Ó ya wá lẹ́nu bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín tó. Wọ́n ń kí Fòfó kú iṣẹ́, bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kan ìsìnkú, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu àwọn kan, kò tètè kúrò. Ọ̀dọ́ kan súfèé. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "Ẹ dákẹ́ ẹnu yín." Àwọn mélòó kan dìde, wọ́n jáde, wọ́n ní èébú ni, àwọn kò wá síbi òkú. Àwọn tó kù jókòó títí ó fi parí, wọn kò pàtẹ́wọ́. Fòfó kò wọlé wò ó. Ìta ló jókòó sí, nídìí igi kan.

Ní Sakété, onígbọ̀ngàn náà kò gbà. Ó ní ìdílé ọkọ ti ránṣẹ́ sí òun.

Fíìmù náà ṣáà rìn, nítorí ẹnì kan gbà á sórí fóònù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rìn. Ibi tí apaniyan ti ń sín, tó ń dáhùn kíkí, tí obìnrin na adìẹ sí i, ìyẹn nìkan ni wọ́n gé, ìyẹn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn láti Ahoyéyé dé ẹnubodè, títí dé òdì kejì. Kò sí ìyá mi níbẹ̀, kò sí aṣọ funfun. Fòfó rí i lórí fóònù awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí kò mọ ìtàn ibẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn.

Ó sọ fún mi lọ́jọ́ náà, kò bínú, ohùn rẹ̀ kò ga. "Àbúrò mi, wọ́n ti yọ òkú kúrò nínú rẹ̀."

Ilé ẹjọ́ fi ọkọ náà sẹ́wọ̀n ọdún gbọọrọ. Fòfó wà níbẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ó ní kò sí. Lọ́nà ilé, ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Mo gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín fún un. Ọmọ àbúrò rẹ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fòfó yọ egungun inú ẹja náà kúrò pẹ̀lú ìka rẹ̀ ńlá wọ̀nyẹn, ó fi ìyókù síwájú ọmọ náà. Ọmọ náà jẹun. Mo bi Fòfó pé kí ni ilé ẹjọ́ sọ, ó ka iye ọdún náà fún mi. Mo ní ṣé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ní, "Ọdún mélòó la lè fi wé àbúrò mi?"

Ó fọwọ́, ó dúpẹ́ oúnjẹ, ó gbé ọmọ náà gun ọkọ̀, wọ́n sì lọ.